Fọláhàn Wà Lábẹ́ Yìnyín

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Wọn kò sọ ohun tí à ń pe ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, tó sì tún nù. Irú rẹ̀ ló dé bá Ìyá Níkẹ́ ní Lanham, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àsìkò tí gbogbo yìnyín ọ̀dọ̀ tiwa níbí ti yọ́ tán, tó wá ku èyí tí wọ́n fi katakata wọ́ jọ sí kọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù, tó ti dúdú bí èédú.

Morọ́láyọ̀ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Kò tíì ka ìwé mẹ́fà tán tí bàbá rẹ̀ fi kú, tí wọ́n mú un kúrò níléèwé. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn náà ló fi tọ́ ọmọ méjì: Níkẹ́ tó di nọ́ọ̀sì, àti Fọláhàn tó bí nígbà tí gbogbo ayé ti gbà pé ọmọ ti tán lára rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí Níkẹ́ sì ń bímọ ní Amẹ́ríkà, Níkẹ́ ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun tọ́jú ọmọ, kó mú àbúrò òun dání. Bí wọ́n ṣe dé nìyẹn. District Heights ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, nínú fúláàtì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń dún bí ẹni ń ráhùn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀kínát ń gbé lókè wọn pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Oyèwálé. Fọláhàn àti Oyèwálé di ìbejì tí kò bá ara wọn tan. Bí o bá ń wá ọ̀kan, ilé èkejì ni kóo lọ.

Fọláhàn kàwé, ó di ẹnjiníà, iṣẹ́ sì gbé e lọ sí Kọ́lóràdò, ibi tí òkè ti ga ju àwọsánmọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ òkè wọ̀nyẹn bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ṣe ń wọ ilé ọtí. Bí ó bá ti di òpin ọ̀sẹ̀, á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù alámòóhùnmáwòrán, á yí fóònù náà ká kí ìyá lè rí gbogbo funfun tó tẹ́ lọ rẹrẹ.

"Fọláhàn, kí lo sọnù sórí òkè yìí gan-an?"

"Màmá, mi ò sọ nǹkan kan nù. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni."

"Afẹ́fẹ́? Ṣé wọ́n ń tà á fún wa ní Lanham ni?"

Á rẹ́rìn-ín. "Màmá mi, ẹ ó wá lọ́jọ́ kan. N ó gbé yín pọ̀n gùn ún."

"Ìyàwó ni kóo lọ pọ̀n. Ìyàwó ni mo ní kóo gbé wá fún mi, n ò ní kóo gbé òkè wá."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń bá ara wọn sọ nìyẹn. Ìyá kò bẹ̀rù rí. Kí ni èèyàn ó bẹ̀rù nínú yìnyín? Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó máa ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí wọ́n ti iléèwé, oòrùn á sì yọ, á sì lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan ni. Oyèwálé ti lọ kí Fọláhàn, wọ́n fẹ́ jọ najú. Yìnyín ti rọ̀ gan-an ní ọ̀sẹ̀ náà, atẹ́gùn sì ti jà, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn mọ́, ojú ọ̀run mọ́ kedere bí àwo tí wọ́n fọ̀. Àwọn méjèèjì wọ bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín kí ẹsẹ̀ má baà rì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn tó ń lọ sírú ibẹ̀ máa ń so mọ́ àyà, tó máa ń ké kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹni tí yìnyín bò wà. Wọn kò mú un. Wọ́n ní àwọn tó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀ ló nílò rẹ̀, pé àwọn kàn ń rìn ni, ẹsẹ̀ òkè làwọn sì máa gbà.

Ẹsẹ̀ òkè náà ni ikú jókòó sí. Oyèwálé ló ṣáájú. Ó ní òun gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, gbìì, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ńlá kan nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ó ní kí òun tó gbójú sókè, gbogbo yìnyín tó wà lára òkè ti là láti ìhín dé ọ̀hún bí àwo tó sán, ó sì ń bọ̀. Etí yìnyín náà ló gbá a tó fi ṣubú. Nígbà tó dìde, kò sí Fọláhàn. Ó pè é títí ohùn fi há mọ́ ọn lọ́fun. Ó fi ọwọ́ walẹ̀ títí èékánná fi ya. Yìnyín tó ń fò bí ẹ̀gbọ̀n òwú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti le bí kọnkéré.

Àwọn tó ń wá èèyàn lórí òkè dé pẹ̀lú ajá, wọ́n ń fi ọ̀pá irin gígùn gún ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọn kò rí i. Yìnyín mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀.

Bridget ni orúkọ obìnrin tó ṣe olórí wọn. Òun ló máa ń pe Níkẹ́ láràárọ̀, nígbà tí Níkẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, tí kò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù. Níkẹ́ á gbé fóònù sórí tábìlì ilé ìdáná, á máa túmọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dáwọ́ dúró ni Ìyá Níkẹ́ ní kó bi í, pé kí ló dé tí òkè á fi ṣubú lu ẹni tí kò gùn ún.

Bridget sọ̀rọ̀ pẹ́. Níkẹ́ ń wá ọ̀rọ̀.

"Màmá, ó ní yìnyín tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí kò pọ̀. Ó jókòó sílẹ̀, òtútù gbẹ ẹ́. Ó wá di wóróbo-wóróbo, kò lẹ̀ mọ́ra. Ó dà bíi… bíi ṣúgà."

"Ṣé bíi gààrí?"

"Ẹn-ẹn. Bíi gààrí."

"Ti Ìjẹ̀bú àbí ti Ọ̀yọ́?"

Níkẹ́ wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún sì gbà á lẹ́nu ẹ̀rín. "Màmá, gààrí ṣáà ni."

"Wọ́n wá kọ́lé lé gààrí lórí."

"Atẹ́gùn ló kọ́ ọ. Ó ní ó ń gbá yìnyín láti ẹ̀yìn òkè wá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n gbà, ó ń kì í mọ́lẹ̀ títí ó fi nípọn, tó fi le. Ìsàlẹ̀ ni kò di nǹkan kan mú. Ẹsẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo tó láti já a. Èèyàn lè wà nísàlẹ̀, kó sì fa tòkè lulẹ̀."

"Ó ti wó tán báyìí. Kí ni wọ́n tún ń bẹ̀rù?"

Níkẹ́ bèèrè. Bridget sì dáhùn.

"Ó ní ìdajì ló wó. Ìdajì tó kù ṣì kọ́ sórí ibi tí Fọláhàn wà. Wọ́n ti ju ohun tó ń bú gbàmù sí i láti inú ọkọ̀ òfurufú kí ó lè wó kí wọ́n tó wọlé. Ó kọ̀, kò wó. Ó ní ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù."

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Níkẹ́ ti ń bèèrè àwọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ òkè náà máa ń fi àwọ̀ sọ bí ewu yìnyín ṣe rí lójoojúmọ́: àwọ̀ ewé ni pé kò le, pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n ni pé ó ti di nǹkan, pupa fòò ni pé kí èèyàn má dé ibẹ̀, dúdú sì ni pé kí ẹyẹ pàápàá má bà lé e. Kò mọ èdè òyìnbó kà, àmọ́ ta ni wọ́n ń kọ́ ní àwọ̀? Aránṣọ ni. Kó tó fọ ẹnu, kó tó gbàdúrà, á ti bi Níkẹ́ pé, "Àwọ̀ tòní ńkọ́?" Pupa ni. Ní ọjọ́ kejì, pupa ni.

Àwọn èèyàn ń wá kí i, àwọn mìíràn pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn, oorun lójú wọn. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa kí i. Ẹni tó bá ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, á rántí pé wọn kò tíì rí òkú, á gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run lè ṣe iṣẹ́ ìyanu, Níkẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì á kọjú sí ògiri. Wọ́n á jókòó ṣáá. Wọ́n á mu omi. Wọ́n á dìde.

Bàbá Adékọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Níkẹ́, pè láti Ìbàdàn.

"Morọ́láyọ̀, ìyàwó wa, a gbọ́ pé o fẹ́ wọkọ̀ òfurufú lọ síbẹ̀. O ò gbọdọ̀ débẹ̀ o. Èèwọ̀ ni. Ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ. Bí wọ́n bá ti gbé e, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ sin ín, kí wọ́n má fi ibẹ̀ hàn ọ́ láéláé."

"Bàbá, mo gbọ́. Ojú oórì wo?"

"Ẹn?"

"Mo ní ojú oórì wo lẹ ní kí n má mọ̀? Òkè ni wọ́n fi bò ó, Bàbá. Gbogbo ayé ló ń rí i. Wọ́n ń fi hàn mí láràárọ̀."

Kò pẹ́ tí fóònù fi já.

Nígbà náà ni Sístà Mobáyọ̀ gbé ọ̀rọ̀ àdúrà dé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Lanham, ọmọdébìnrin ni lójú Ìyá Níkẹ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ tó ohùn mẹ́ta. Ó ní kí ni ọ̀tá? Sínóò ni, yìnyín yẹn. Kí ló ń lé sínóò? Oòrùn ni. Ó ní Ọlọ́run tó dá oòrùn dúró fún Jóṣúà lè tì í síwájú fún Fọláhàn, kí sínóò yọ́, kí ọmọ jáde, kí ìyá rí òkú ọmọ rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn obìnrin gbààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbààwẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń fi ebi gbé aláìsàn dìde. Wọ́n kígbe oòrùn, wọ́n pàṣẹ ooru. Kò sì sí ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè nínú wọn tó ti Ìyá Níkẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Baba, dá iná sí i! Dá iná sí i!"

Oòrùn sì yọ. Níkẹ́ fi bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí òkè náà hàn án lórí fóònù: àwòrán oòrùn tò lórí ìlà láìsí àwọsánmọ̀ kankan níbẹ̀. Wọ́n kọrin ọpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Níkẹ́ jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tilẹ̀ yọ aṣọ kan sílẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n fi di ọmọ náà, aṣọ òkè tí bàbá Fọláhàn wọ̀ ṣègbéyàwó, ó ń yọ́ ọ rán níbi tí etí rẹ̀ ti tú.

Ibi tó ti ń rán an ni Bridget ti pè.

Níkẹ́ gbọ́ ọ títí. Kò túmọ̀.

"Kí ló wí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Níkẹ́, kí ló wí?"

"Ó ní ooru yìí kò dáa. Ó ní ó yára jù. Omi ń jò láti òkè wọnú yìnyín lọ, ó ń lọ bá gààrí ìsàlẹ̀ yẹn. Ó ní bí ilẹ̀ bá ṣú tí òtútù mú, gbogbo rẹ̀ á dì, á le, wọ́n á lè wọlé fún ìwọ̀nba wákàtí láàárọ̀ kí oòrùn tó ta. Ohun tí wọ́n ń retí nìyẹn tẹ́lẹ̀. Àmọ́ kò dì lálẹ́ mọ́. Tọ̀sán tòru ló ń yọ́. Wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró, Màmá."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí yìnyín ó fi lọ fúnra rẹ̀. Bóyá oṣù kẹfà."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìyá Níkẹ́. Ta ni kò mọ̀ ní Ìbàdàn pé ògiri alámọ̀ kì í wó nígbà tí òjò ń rọ̀? Ọ̀la òjò ló ń wó, nígbà tí oòrùn bá yọ, tí àwọn ọmọdé bá jáde wá ṣeré lẹ́bàá rẹ̀. Ó ti rí i kó tó gbọ́n. Ó mọ̀ ọ́n. Ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí wọ́n dá iná sí i.

Sístà Mobáyọ̀ wá ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kò tíì gbọ́, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó jókòó pẹ̀ẹ́.

"Mọ́mì, ẹ má mikàn. A ó yí àdúrà náà padà ni."

"Ká yí i sí kí ni?"

"Kí òtútù mú."

"Mobáyọ̀, lánàá lẹ lé òtútù jáde pẹ̀lú ariwo. Ṣé ẹ fẹ́ lọ máa bẹ̀ ẹ́ báyìí pé kó dákun, kó padà wálé?"

Mobáyọ̀ bú sẹ́kún. Ìyá Níkẹ́ ló tún wá ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Níkẹ́ ká aṣọ òkè náà, ó gbé e padà sínú àpótí. Láti ọjọ́ náà, bó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé Ọlọ́run lè tún gbọ́ tirẹ̀.

Oyèwálé wọlé ní ọjọ́ Sátidé. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sì dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde.

"Màmá, mo mọ ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń wá a kò mọ ibẹ̀ tó mi. Igi páìnì kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ́ lórí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i gbẹ̀yìn. Mo ti rí àwọn ọkùnrin méjì tó mọ òkè yẹn, wọ́n gbà láti bá mi lọ. A ó yọ́ wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó gbẹ́ ẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti wà lọ́wọ́ mi."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Mi ò bi í. Ẹ̀yin ni mò ń bi, Màmá. Èmi ni mo ṣáájú lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ní ká gba ibẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ, àmọ́ mi ò ní lè wà láàyè náà. Ẹ ṣáà ní kí n lọ."

Ìyá Níkẹ́ mọ àwọ̀ tọjọ́ yẹn. Pupa ni. Kò sọ ọ́. Ó wo orí ọmọ náà nílẹ̀, orí tó máa ń fi òróró pa pọ̀ mọ́ ti Fọláhàn nígbà tí wọ́n wà ní District Heights, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

"Lọ. Lọ gbé e wá fún mi."

Kò sí ẹni tó tì í sọ ọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere nígbà tó sọ ọ́.

Ọmọ tó bá fẹ́ kú, ìyá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó di Mọ́ńdè, Sẹ̀kínát ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìborí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ara wọn mu. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú Ìyá Níkẹ́.

"Ìyá Níkẹ́, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kó máa lọ."

"Ó bi mí ni. Mo dá a lóhùn."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Mélòó ni Fọláhàn mi?"

"Ẹ ní Níkẹ́."

"Ṣé Níkẹ́ ni mo máa fi dípò rẹ̀? Sẹ̀kínát, ṣé wọ́n ń pààrọ̀ ọmọ bí ẹní ń pààrọ̀ bọ́tìnnì ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ foríjì mí. Ẹ pè é, ẹ ní kó padà. Ó ti wà ní pápákọ̀ òfurufú ní Baltimore, kò gbé fóònù mi. Ó máa gbé tiyín. Ẹnu yín ló ń gbọ́ báyìí, kò gbọ́ tèmi mọ́."

"Nígbà tí àwọn méjèèjì jọ lọ, tí ọ̀kan padà wá, ta ló kúnlẹ̀ fún mi?" Ohùn Ìyá Níkẹ́ kò ga. "Tìrẹ dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi yìí, ó ń mí. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ṣé o mọ ohun tí mò ń rò? Mò ń rò pé kí ló dé tí kì í ṣe èyí."

Sẹ̀kínát kò bú u. Ìbá yá kó bú u. Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ìdí tí n kò fi lè wá kí yín dáadáa nìyẹn," ó sì dojú bolẹ̀ níbẹ̀.

Níkẹ́ ti jí nítorí ariwo. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kó lọ? Ẹ mọ àwọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ wá ní kó lọ?"

Ìyá Níkẹ́ na fóònù sí i. Ó ní, "Bá mi pe Bridget."

Bridget gbé e. Ìyá Níkẹ́ fà mọ́ fóònù bí ẹni pé obìnrin náà wà nínú rẹ̀.

"Bi í pé bí àwọn kan bá yọ́ wọ ibẹ̀ láìsọ fún un, tí òkè sì tún já, ta ni ó lọ gbé wọn?"

Níkẹ́ bèèrè. "Ó ní àwọn ni."

"Ìyẹn àwọn tó ní ibẹ̀ kò ṣeé wọ̀?"

"Ó ní bí ó bá jẹ́ pé èèyàn lè wà láàyè lábẹ́ rẹ̀, àwọn máa wọ̀ ọ́. Wọn kì í jókòó wo irú ẹ̀."

"Òun fúnra rẹ̀?"

"Ó ní òun fúnra òun. Òun ló máa ṣáájú."

"Bi í bí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà láyé."

Níkẹ́ wo ìyá rẹ̀, ó bèèrè. Ohùn Bridget yàtọ̀ nígbà tó dáhùn.

"Ó ní ó wà láyé. Ó ní inú ilé kan náà làwọn jọ ń gbé, àti pé ìyá òun ló máa ń se kọfí fún òun kí òun tó lọ sórí òkè, kì í sì í sùn títí òun ó fi dé."

Ìyá Níkẹ́ mi orí. Ó rí wọn tò lọ: Oyèwálé, àwọn ọkùnrin méjì tí kò mọ orúkọ wọn, obìnrin yìí, àti ìyá kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń bèèrè àwọ̀. Ó ní kí Níkẹ́ pa ìyẹn, kó pe Oyèwálé.

Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. "Màmá, wọ́n ti ń pè wá wọkọ̀."

"Má wọ̀ ọ́. Padà wálé."

"Màmá, ẹ ti ní kí n lọ."

"Mo ti ní kóo lọ. Mo ní kóo padà báyìí."

"Ìyá mi ló wà níbẹ̀, àbí? Ẹ má dá wọn lóhùn. Màmá, ṣé kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni? Ṣé kí Fọláhàn máa wà nínú òtútù yẹn títí oṣù kẹfà? Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín kí n gbọ́. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀."

Ohun tí Ìyá Níkẹ́ ń sá fún láti ọjọ́ Àìkú yẹn nìyẹn. Gbogbo èèyàn ti ń bá a sá fún un: Bridget ní wọ́n dá iṣẹ́ dúró, Níkẹ́ ní títí yìnyín ó fi lọ, Mobáyọ̀ ní Ọlọ́run á ṣe é. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́ bó ṣe wà. Ó tú bọ́tìnnì àyà aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé ọmú rẹ̀ kan lójú Níkẹ́ àti Sẹ̀kínát, ọmú tó ti rọ bí àpò òfìfo.

"Oyèwálé, mo di ọmú tí Fọláhàn mu mú lọ́wọ́ báyìí. Ìyá rẹ ń wò mí. Mo fi í búra: bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan yìnyín yẹn, o kò mọ̀ mí rí, n kò mọ̀ ọ́ rí, Fọláhàn kò sì ní ọ̀rẹ́ láyé. Fi í sílẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Fi ọmọ mi sílẹ̀ síbẹ̀."

Wọ́n gbọ́ ìró pápákọ̀ náà nínú fóònù, àwọn èèyàn ń wọ́ ẹrù kọjá, ọmọdé kan ń sunkún. Wọ́n wá gbọ́ ẹkún Oyèwálé.

Sẹ̀kínát rápálá wá, ó fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dúpẹ́. Ìyá Níkẹ́ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Má fọwọ́ kàn mí. Jọ̀ọ́. Lọ dúró dè é nínú ọkọ̀ rẹ."

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí Oyèwálé dé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dúró bẹ́ẹ̀," Ìyá Níkẹ́ ní. "Oyèwálé, n kò bínú sí ọ. Máa bá ìyá rẹ lọ. Má wá síbí mọ́ títí n ó fi ránṣẹ́ pè ọ́."

"Ìgbà wo nìyẹn, Màmá?"

"N kò mọ̀."

Ó mọ̀. Oyèwálé náà sì mọ̀ pé kò ní pe òun mọ́. Ó dúró díẹ̀ sí i bóyá ọ̀rọ̀ náà á yí padà, kò yí padà, ó sì jáde.

Ìyá Níkẹ́ ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọmọ náà wọ iwájú ọkọ̀. Sẹ̀kínát kò tíì tan ọkọ̀. Ó na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ọmọ náà níwájú orí bí wọ́n ṣe ń wò ó bóyá ara ọmọdé gbóná, ó sì fi í síbẹ̀, kò gbé e kúrò. Ìyá Níkẹ́ wò ó títí. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, ó ṣì dúró níbẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ lára gíláàsì fèrèsé tó tutù.